Ojú, Etí àti Ọwọ́: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀nà Ìkẹ́kọ̀ọ́ àti Ọgbọ́n Ìkàwé, pẹ̀lú Àpẹẹrẹ láti Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Láàárín àwọn olùkọ́ àti òbí, èrò kan ti fìdí múlẹ̀ pé a dá ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ kan mọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, pé ọmọ kan ń fi ojú kọ́ ẹ̀kọ́, òmíràn ń fi etí kọ́ ọ, òmíràn kò sì ní mọ ohunkóhun àfi tí ó bá fi ọwọ́ kàn án, àti pé olùkọ́ tí ó bá mọ ọ̀nà tí ó jẹ́ ti ọmọ, tí ó sì gba ọ̀nà náà kọ́ ọ, ni iṣẹ́ rẹ̀ yóò yọrí sí rere. Èrò yìí ni àgbéyẹ̀wò yìí fẹ́ tú palẹ̀, pẹ̀lú ìbéèrè kejì tí ó so mọ́ ọn, ìyẹn irú ọgbọ́n ìkàwé tí ó ń ṣiṣẹ́ ní tòótọ́. Ilẹ̀ Ìgbómìnà ní Ìpínlẹ̀ Kwara ni a fi ṣe ibùdó ọ̀rọ̀, pàápàá Òmù-Àrán, tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, níbi tí Yunifásítì Landmark ti wà láti ọdún 2011, àti Ẹ̀sìẹ́ tí kò jìnnà sí i, ìlú tí a mọ̀ mọ́ àwọn ère òkúta rẹ̀. Ìdí tí a fi yan agbègbè yìí ni pé oríṣiríṣi ilé-ẹ̀kọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbẹ̀, láti orí ilé-ìwé ìjọba àti ti ìjọ dé orí ilé-kéú, agbo àwọn babaláwo àti ìsọ̀ àwọn agbẹ́gilére, ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì mọ̀ nípa bí ọmọ ṣe ń kọ́ nǹkan tó ohun tí a lè fi gbe ìwádìí òkèèrè lẹ́sẹ̀.

Orúkọ tí ó gbajúmọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ ni ti Neil Fleming, ará New Zealand tí ó ti fi ìgbà kan rí ṣe alábẹ̀wò ilé-ìwé, tí ó sì gbé ìwé ìbéèrè kan kalẹ̀ ní ọdún 1987 tí a ń pè ní VARK. Ìdáhùn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fún ìwé ìbéèrè náà ni wọ́n fi ń pín in sí ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ mẹ́rin: afojúkọ́, tí àwòrán àti àtẹ máa ń yé jù, afetíkọ́, tí ó fẹ́ràn àlàyé ẹnu, akàwékọ́, tí ó gbára lé kíkà àti kíkọ, àti afọwọ́kọ́, tí ó fẹ́ ṣe nǹkan náà fúnra rẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 1984, David Kolb ti Amẹ́ríkà ti tẹ ìwé jáde lórí bí ìrírí ṣe ń di ẹ̀kọ́, òun náà sì pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀wọ́ mẹ́rin mìíràn. Wọ́n tún máa ń da èrò Howard Gardner, tí ó kọ̀wé ní 1983 pé oríṣiríṣi làákàyè ni ènìyàn ní, pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ Gardner fúnra rẹ̀ ti sọ ní gbangba pé ohun tí òun ń sọ kọ́ nìyẹn. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2004, tí Frank Coffield àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bìrìtìkó jókòó ka irú àwọn ìpínsọ́wọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, 71 ni wọ́n rí. Iye yìí nìkan yẹ kí ó kọ́kọ́ fu olùkọ́ lára, nítorí bí ó bá jẹ́ pé a bí ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ènìyàn, kò yẹ kí àwọn tí wọ́n ń ṣe ìwádìí rẹ̀ yapa tó báyìí lórí iye tí ó jẹ́.

Irú ẹ̀rí tí ó lè fìdí èrò náà múlẹ̀ kò farasin. Ó di dandan kí a pín àwọn tí wọ́n pe ara wọn ní afojúkọ́ sí méjì, kí a fi àwòrán kọ́ apá kan, kí a fi ọ̀rọ̀ ẹnu kọ́ apá kejì, kí a ṣe bákan náà fún àwọn afetíkọ́, kí a wá fún gbogbo wọn ní ìdánwò kan náà, kí ó sì hàn pé àwọn afojúkọ́ tí a fi àwòrán kọ́ ló borí láàárín ẹgbẹ́ wọn, tí àwọn afetíkọ́ tí a fi ẹnu kọ́ náà sì borí láàárín tiwọn. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá mẹ́rin ní Amẹ́ríkà, Harold Pashler, Mark McDaniel, Doug Rohrer àti Robert Bjork, tú gbogbo ìwádìí tí ó wà nílẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé díẹ̀ péré ló tẹ̀ lé ìlànà yìí, àti pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó tẹ̀ lé e ni ó tako èrò náà. Beth Rogowsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún gbé ìdánwò irú rẹ̀ kalẹ̀ ní 2015, tí àwọn kan gbọ́ ìwé létí tí àwọn kan sì fi ojú kà á. Bíbá ọ̀nà tí kálukú fẹ́ràn mu kò sọ òye ẹnikẹ́ni di púpọ̀. Ní Yunifásítì Indiana, ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2018 lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀yà ara fi hàn pé àwọn tí wọ́n kàwé gẹ́gẹ́ bí VARK ṣe júwe wọn kò gba máàkì ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Síbẹ̀, nígbà tí Sanne Dekker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi àwọn olùkọ́ léèrè ní 2012, ìdá 93 nínú 100 àwọn olùkọ́ Bìrìtìkó tí wọ́n bi ló gba èrò náà gbọ́, ti àwọn ará Netherlands sì jẹ́ ìdá 96. Kò sí ìdí tí a ó fi bá olùkọ́ Òmù-Àrán wí bí òun náà bá gbà á gbọ́.

Èyí kò sọ pé ọgbọọgba ni àwọn ọmọ. Ohun tí ọmọ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ yàtọ̀, ìfẹ́ ọkàn wọn yàtọ̀, ìmọ̀ èdè wọn yàtọ̀, ojú ẹlòmíràn kò sì ríran dé pátákó. Ọmọ tí kò ríran dáadáa yẹ kí ó jókòó níwájú, kí wọ́n sì wá awò ojú fún un. Àìlera ni ìyẹn, kì í ṣe ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́, ibẹ̀ sì ni pípe ọmọ ní irú kan tàbí òmíràn ti lè ṣe ìpalára, nítorí pé wọ́n lè sọ pé ọmọ tí ojú ń dùn jẹ́ afetíkọ́, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìpalára kejì burú ju èyí lọ. Ọmọ tí a ti sọ fún pé afọwọ́kọ́ ni òun yóò gbà pé ìwé kíkà kì í ṣe tòun, nígbà tí ó sì jẹ́ pé ìwé kíkà gan-an ni ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó fún un tí ó yẹ kí a ràn án lọ́wọ́.

Ohun tí ó máa ń pinnu ọ̀nà ni ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. Àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ wa jù wà ní Ẹ̀sìẹ́, níbi tí àwọn ère tí a fi òkúta rírọ̀ gbẹ́, tí iye wọn ju 800 lọ, wà nínú ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1945, tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Alábẹ̀wò àwọn ilé-ìwé ìjọ CMS, H. G. Ramshaw, ni ó kọ́kọ́ kọ ìròyìn wọn sí ìjọba ní ọdún 1933, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará ìlú ti mọ̀ wọ́n, wọ́n sì ti ń bọ wọ́n tipẹ́tipẹ́. Ọmọ tí ó bá fẹ́ mọ bí irun orí, ilà ojú, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti ìjókòó àwọn ère náà ṣe rí gbọ́dọ̀ lọ wò wọ́n, ìbáà jẹ́ afetíkọ́ tàbí akàwékọ́ ni wọ́n pè é. Ìtàn tí àwọn àgbà ìlú ń sọ nípa bí àwọn àlejò kan ṣe di òkúta ńkọ́? Ẹnu àgbà ni wọ́n ti ń gbọ́ ìyẹn, ère kankan kò sì lè fi í hàn. Bákan náà ni kò sí ẹni tí ó lè fi ojú nìkan mọ ìyàtọ̀ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ nínú èdè Yorùbá, tí kò sì sí ẹni tí ó lè fi etí nìkan mọ àwòrán ilẹ̀. Olùkọ́ ìtàn tí ó bá kó gbogbo kíláàsì lọ sí Ẹ̀sìẹ́, tí ó jẹ́ kí wọ́n wo ère, kí wọ́n gbọ́ ìtàn, kí wọ́n sì yàwòrán ohun tí wọ́n rí kí wọ́n tó padà sílé, ti ṣe ohun tí ó dára fún ọmọ gbogbo, nítorí pé ọ̀nà mẹ́ta tí ẹ̀kọ́ kan náà gbà wọlé ń ti ara wọn lẹ́yìn.

Iṣẹ́ igi gbígbẹ́ fi èyí hàn kedere. Bámigbóyè, ọmọ Odò-Ọwá ní ìhà Èkìtì ti Ìpínlẹ̀ Kwara, tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní àwọn ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé ńláńlá lónìí, kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní igi gbígbẹ́ ní Òmù-Àrán ní ayé ìjọba amúnisìn. Ìpele mẹ́rin ni àwọn agbẹ́gilére àgbègbè yìí àti Èkìtì ń ka iṣẹ́ náà sí: ọnà lílé, tí wọ́n fi àáké bu igi sí ìrísí gbòòrò, àlétúnlé, tí ojú, apá àti ẹsẹ̀ ń yọ jáde, dídán, tí wọ́n fi ọ̀bẹ mú ara rẹ̀ jọ̀lọ̀, àti fífín, tí wọ́n ń fín irun, ilà àti aṣọ sí i. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí ó wù ú. Apá tí àṣìṣe kò ti lè ba iṣẹ́ jẹ́ ni ọ̀gá máa ń kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́, ó ń wo ọ̀gá, ó ń ṣe é, ọ̀gá ń tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, iṣẹ́ sì ń le sí i bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń yá. Kò sí ọ̀gá tí yóò bi ọmọ ìkọ́ṣẹ́ bóyá afojúkọ́ tàbí afọwọ́kọ́ ni í ṣe. Àtúnṣe kíákíá láti ẹnu ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ni ó mú kí ọ̀nà yìí lágbára, òun náà sì ni ó ṣọ̀wọ́n jù nínú kíláàsì tí olùkọ́ kan ń kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ, tí ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá sì ń pẹ́ kí ó tó padà dé ọwọ́ wọn.

Bí a bá fi ọ̀rọ̀ irú akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀, tí a kọjú sí ọgbọ́n ìkàwé, ẹ̀rí pọ̀, ó sì fìdí múlẹ̀. Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, ni ó kọ́kọ́ wọn ìgbàgbé. Ó há àwọn sílébù tí kò ní ìtumọ̀ sórí, ó sì ń wo bí ó ṣe ń rọrùn fún òun tó láti tún wọn há lẹ́yìn àkókò kan. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1885, ó fi hàn pé láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta làálàá àkọ́kọ́ ti bọ́ sọnù, ṣùgbọ́n pé lẹ́yìn náà ìgbàgbé kì í yára mọ́. Ohun tí àwọn tí ó tẹ̀ lé e wá rí ni pé ọ̀nà méjì ló ń dí ihò yìí. Àkọ́kọ́ ni ìdánrawò láìwòwé, èyí tí í ṣe pé kí ènìyàn pa ìwé dé, kí ó sì gbìyànjú láti pe ohun tí ó kọ́ jáde láti inú orí ara rẹ̀. Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke fi í hàn ní 2006: àwọn kan ka àyọkà kan lẹ́ẹ̀mejì, àwọn kan kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì gbìyànjú láti kọ ọ́ jáde láìwò ó. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tí wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì ló mókè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tí wọ́n dán ara wọn wò rántí ìdá 56 nínú 100, àwọn tí wọ́n tún un kà sì rántí ìdá 42.

Ilé-kéú mọ èyí kí ilé-ìwé tó dé ilẹ̀ Ìgbómìnà. Aáfà a kọ ẹ̀kọ́ sí wàláà fún ọmọ, ọmọ a máa kà á títí yóò fi há a, lẹ́yìn náà ni yóò dúró níwájú aáfà tí yóò kà á láìwò ó, ìgbà tí ó bá sì yege ni wọn yóò tó fọ wàláà kúrò kí wọ́n kọ òmíràn sí i. Ẹni tí kò bá tíì yege kò lè kọjá. Àwọn àgbà ọmọ a tún máa kọ́ àwọn kékeré, nítorí náà ẹ̀kọ́ àtijọ́ kò ní àyè láti sùn lọ. Àléébù rẹ̀ hàn: ìtumọ̀ Lárúbáwá máa ń pẹ́ kí ó tó tẹ̀ lé e, ohun tí a há láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ṣeé fi yanjú ìṣòro tuntun. Ọmọ awo náà ń tún ẹsẹ Ifá wí tẹ̀ lé olúwo rẹ̀ ní ìlà-ìlà, ọjọ́ kejì a sì bi í. Láti orí ojú odù 16 ni yóò ti máa lọ sínú odù 256, bí ó bá sì ṣìsọ nínú agbo, àwọn awo ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò tún un ṣe níbẹ̀. Ní ilé, àlọ́ àpamọ̀ tí wọ́n ń pa fún ọmọdé ní alẹ́ kì í jẹ́ kí ìdáhùn tètè dé. Ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá a nínú orí ara rẹ̀. Ilé-ìwé òde òní nìkan ni ó sọ ẹ̀kọ́ di ohun tí a ń dà kọ láti ojú pátákó sínú ìwé, tí a kò sì ní bi ọmọ léèrè títí ìdánwò ìparí táàmù yóò fi dé.

Ọ̀nà kejì ni pípín ẹ̀kọ́ sórí ọjọ́, kí wákàtí mẹ́rin tí a fẹ́ fi ka orí ìwé kan di wákàtí kan lónìí, wákàtí kan lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ó sì dájú pé ohun tí a kó jọ ní alẹ́ kan kì í pẹ́ jáde. Ọmọ ilẹ̀ Yorùbá kò ní láti wá kàlẹ́ńdà kankan fún èyí, nítorí pé ọjà tí ń ná ní ọrọọrún ti pín àkókò fún un: ohun tí ó kọ́ ní ọjọ́ ọjà yìí ni yóò dán ara rẹ̀ wò lórí rẹ̀ ní ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀, kí ó tó fi òmíràn kún un. Nígbà tí John Dunlosky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọgbọ́n ìkàwé mẹ́wàá yẹ̀ wò ní 2013, ìdánrawò àti pípín ẹ̀kọ́ sórí ọjọ́ nìkan ni wọ́n gbé sí ipò gíga jù. Bíbéèrè ìdí tí nǹkan fi rí bó ṣe rí, ṣíṣe àlàyé fún ara ẹni àti dída oríṣi ìṣirò pọ̀ mọ́ra wà ní àárín. Àtúnkà, fífa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ àti kíkọ àkótán, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn púpọ̀, wà ní ìsàlẹ̀. Ohun tí ó ń tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ ni pé bí ó bá ti ń ka ojú ewé kan ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ojú rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, ó sì rò pé orí òun náà ti mọ̀ ọ́n.

Irú ìdánwò tí ó wà níwájú tún yẹ kí ó yí ìmúrasílẹ̀ padà. UTME tí JAMB ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà jẹ́ ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì, 60 nínú rẹ̀ jẹ́ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, 40 sì jẹ́ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀kọ́ mẹ́ta yòókù. Mímọ ìdáhùn tòótọ́ láàárín mẹ́rin àti ìyára ni wọ́n fi ń yege níbẹ̀. Ìdánwò WAEC yàtọ̀, nítorí pé yàtọ̀ sí ìbéèrè yan-èyí-tí-ó-tọ́, ìbéèrè àlàyé wà níbẹ̀ tí ọmọ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìdáhùn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn ìbéèrè ọdún àtijọ́ tí wọ́n ń tà ní ọjà dára fún méjèèjì, bí ọmọ bá kọ ìdáhùn tirẹ̀ kí ó tó ṣí ẹ̀yìn ìwé. Ẹni tí ó bá ń ka ìbéèrè àti ìdáhùn pọ̀ ti padà sínú àtúnkà. Fún ìṣirò, kí ó má ṣe yanjú ogún ìbéèrè lórí ìdá kan tẹ̀ léra, kí ó da ìdá, ìpín ọgọ́rùn-ún àti áljẹ́brà pọ̀, nítorí pé nínú ìdánwò kò sí ẹni tí yóò sọ fún un irú ìbéèrè tí ó dé.

Àìsùn ìwé kò ní ẹ̀rí lẹ́yìn. Láti 1924 ni Jenkins àti Dallenbach ti fi hàn pé ènìyàn tí ó sùn lẹ́yìn tí ó kọ́ nǹkan ń rántí rẹ̀ ju ẹni tí ó wà lójúfò fún iye wákàtí kan náà lọ.

Gbogbo èyí dúró lórí olùkọ́, Ìpínlẹ̀ Kwara sì ti dojú kọ òtítọ́ kan tí ó korò lórí rẹ̀. Ní ọdún 2008, nígbà ìjọba Bukola Saraki, wọ́n fún olùkọ́ 19,125 ní ìdánwò tí a gbé ka ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 75 péré ló sì dé ojú òṣùwọ̀n. Ìyípadà tí ó tẹ̀ lé e gbé àwọn ìlànà ẹ̀kọ́ tí a ti kọ sílẹ̀ fún olùkọ́ jáde. Láti 2022, ètò KwaraLEARN tí ìjọba AbdulRahman AbdulRazaq bẹ̀rẹ̀ ti fi tábílẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀kọ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀ sọ́wọ́ àwọn olùkọ́. Olùkọ́ tí kò mọ ìpín ọgọ́rùn-ún kò lè kọ́ ọ fún afojúkọ́ tàbí afetíkọ́, nítorí náà owó tí wọ́n bá fẹ́ ná lórí pípín ọmọ sí ọ̀wọ́ yẹ kí ó lọ sórí ìmọ̀ olùkọ́.

Ohun kan wà tí ó wúwo ju ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ, èyí nì ni èdè. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Babs Fafunwa, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé-ìwé St. Stephen's A ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn kan ń gba ọ̀nà àtijọ́, tí Gẹ̀ẹ́sì ń gba ipò Yorùbá láti kíláàsì kẹrin. Àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn nínú ohunkóhun, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́, Gẹ̀ẹ́sì náà kò gbẹ́yìn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, ó sì fi ìjákulẹ̀ nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB ṣe àwíjàre. Èsì Modákẹ́kẹ́ kò ti àwíjàre yẹn lẹ́yìn. Ìlànà tí a kò tíì kọ ìwé fún, tí a kò sì tíì kọ́ olùkọ́ fún, kò tíì tó ohun tí a lè sọ pé ó kùnà.

Èyí kan akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jókòó ti ìwé rẹ̀ ní alẹ́ òní ní Òmù-Àrán, nítorí pé nínú gbogbo ọgbọ́n tí a ti mẹ́nu bà, bíbéèrè ìdí àti ṣíṣe àlàyé fún ara ẹni ni ó gba èdè jù, ọmọ tí ó bá sì ń gbìyànjú láti fi Gẹ̀ẹ́sì tí kò tíì dá a lójú ṣàlàyé bí omi ṣe ń di òyì yóò tún gbólóhùn inú ìwé wí ni, yóò sì rò pé òun ti ṣàlàyé. Kí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ ní èdè tí ó fi ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, àní ní ẹ̀ka èdè Ìgbómìnà gan-an, títí yóò fi rí ibi tí àlàyé rẹ̀ ti já. Kí ó padà sínú ìwé lọ dí ibẹ̀. Ìgbà náà ni kí ó wá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tí WAEC ń béèrè, láìwo ìwé, kí ó sì tún un kọ ní ọjọ́ ọjà tí ó tẹ̀ lé e.